Kí a tó pe bírìkìlà wá sí ilé bàbá ńlá wa

Ọ̀rọ̀ ilé la gbé wá lónìí. Kì í ṣe ilé tuntun aláràbarà o. Ilé àtijọ́ ni, ilé alámọ̀ tí bàbá bàbá wa kọ́ sí Kétu, tí a ń múra láti pe oníṣẹ́ sí kí ó má bàa wó lu ènìyàn.

Ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Àbúrò bàbá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ibẹ̀ ni ó ń sùn. Ibùsùn rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ògiri apá ìwọ̀-oòrùn, ògiri yẹn gan-an ló sì ti yọ ikùn. Bàbá ńlá wa fúnra rẹ̀ kò kúrò nínú ilé náà: inú yàrá àkọ́kọ́ tí ènìyàn ń bá bó ti ń wọlé ni wọ́n sin ín sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan nínú ẹbí bá ní "ẹ wó o, ẹ kọ́ òmíràn," ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bí ó ti rọrùn lẹ́nu.

Ohun tí ó jẹ́ kí a dìde sí i wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa ń kàwé ní Marrakech ní 2023. Lóru ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ilẹ̀ mì tìtì ní Mòrókò. Àwọn tí ó kú lé ní 2 900, púpọ̀ nínú wọn ní àwọn abúlé orí òkè Atlas, níbi tí wọ́n ti ń fi amọ̀ àti òkúta kọ́lé. Ìta gbangba ni àbúrò wa sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí a rí i bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, lẹ́yìn tí a ti kí i kú ewu tán, ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, ilé wa ní Kétu ńkọ́? Ṣé Màmá ṣì ń sùn nínú yàrá yẹn?"

A sọ fún un pé ilẹ̀ tiwa kì í mì bẹ́ẹ̀. Ní etíkun wa níhìn-ín, Accra ló mọ ohun tí à ń pè ní ìmìtìtì ilẹ̀, pàápàá ti 1939 tó ba ilé púpọ̀ jẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti ń ṣàlàyé bí àwọn ilé ọ̀hún ṣe wó, ńṣe ló dà bí ẹni pé ilé wa ló ń sọ. Ó ní igun ilé ló kọ́kọ́ ń là, tí ògiri méjì á jọ̀wọ́ ara wọn. Ó ní òrùlé tó wúwo á ti ògiri síta. Ó ní ibi tí ẹsẹ̀ ògiri bá ti jẹrà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni kì í pẹ́ ṣubú. Ògiri amọ̀ lágbára púpọ̀ láti gbé ẹrù tó wá láti òkè. Bí a bá tì í láti ẹ̀gbẹ́ ni kò lè dúró. Ìmìtìtì ilẹ̀ a máa tì í láàárín ìṣẹ́jú kan. Òjò ní tirẹ̀ ní sùúrù: yóò máa jẹ ẹsẹ̀ ògiri fún ọgbọ̀n ọdún, títí ògiri náà yóò fi tẹ̀ síta fúnra rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan tí àbúrò wa gbà wá la fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a má pe oníṣẹ́ kankan kí a tó mọ ohun tó ń ṣe ilé náà, nítorí pé ohun tí ojú rí ni owó yóò lọ sí, ohun tí ojú kò rí yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Amọ̀ pupa tí Faransé ń pè ní terre de barre ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilẹ̀ Kétu, Ìpòbẹ́, Ìtakété àti Àjàṣẹ́ kún fún un. Wọ́n á wa á, wọ́n á bomi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ mọ ọ́n ní ìpele ìpele. Ìpele kan á gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Títí dòní, níbi tí ara ògiri wa ti ṣí sílẹ̀, ẹ ó rí àwọn ìpele náà, márùn-ún ni, ẹ ó sì rí ojú ìka àwọn tó mọ ọ́n. Amọ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Àkàbà Ìdènà tí gbogbo ọmọ Kétu fi ń yangàn, amọ̀ ni. Ààfin àwọn ọba Abomey, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 1985, amọ̀ ni. (Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ má bínú pé a dárúkọ Abomey níwájú yín. A kò gbàgbé 1886.)

Kí ló wá ń ṣe tiwa? Ní 1993, ọdún tó ṣáájú ìgbà tí owó CFA já sí ìdajì, àwọn oníṣẹ́ kan wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ara ilé náà níta, láti ilẹ̀ dé òkè. Ilé dán. Gbogbo àdúgbò ló wá kí bàbá wa kú oríire, nítorí pé láyé ìgbà náà, ẹni tí sìmẹ́ǹtì bá wà lára ilé rẹ̀ ni ènìyàn. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ a máa mí. Bí òjò bá rọ̀, á mu omi díẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, á tú u jáde. Sìmẹ́ǹtì dí ojú yẹn. Omi ń gba abẹ́ ilẹ̀ gòkè, ó ń gba ojú ibi tó ti sán wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀wù líle yẹn, amọ̀ á rọ̀ di ẹrẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀, nítorí pé ìta ṣì dán. Ọjọ́ tí ìrẹ́ náà bá jábọ́, á fa ìdajì ògiri tẹ̀lé ara rẹ̀. A kò sọ pé sìmẹ́ǹtì burú o. Ilé bíríkì sìmẹ́ǹtì ló ni ín.

Bí a ti ń yẹ ilé náà wò kí a tó pe ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ la fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé ohun tí olúkúlùkù lè ṣe ni, kò gba owó.

Kàyé ọmọ ilé-ìwé kan la mú. A ya ilé náà sínú rẹ̀ bí ẹni wò ó láti òkè, a fún ògiri kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 1 dé 9. Lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara ògiri pẹ̀lú ìka, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Níbi tí ìrẹ́ bá ṣì lẹ̀ mọ́ amọ̀, ohùn rẹ̀ á kì. Níbi tó bá ti ṣí kúrò lẹ́yìn, á dún bí igbá òfìfo. A fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí gbogbo ibi tó dún bẹ́ẹ̀ ká. Nígbà tí a dúró lọ́ọ̀ọ́kán wò ó, ògiri nọ́ńbà 4, ti Màmá, ṣọ́ọ̀kì bo ìdajì rẹ̀.

A mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a fi gún ẹsẹ̀ ògiri níbi tí ìrẹ́ ti jábọ́. Ibi tó dára, irin náà kò wọlé ju èékánná lọ. Lábẹ́ fèrèsé Màmá, ó wọlé tó ìka kan gbáko, ó sì jáde pẹ̀lú ọ̀rinrin, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. A so òkúta mọ́ okùn, a gbé e kọ́ láti orí ògiri wá sílẹ̀, a fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ògiri lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ikùn tí a ń fojú rí yẹn, sẹ̀ǹtímítà 9 ni. A kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti ibi tó sán ló gba àkókò jù. Kì í ṣe gbogbo ojú sísán ni àrùn. Òmíràn ti wà láti ìgbà tí ògiri náà gbẹ, kò sì lọ síbì kan láti ìgbà náà wá. Èyí tó ń rìn ni ewu. Kí a lè mọ̀ èyí tó ń rìn, a po plâtre díẹ̀, a fi lẹ ojú sísán márùn-ún, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, a kọ ọjọ́ àti oṣù sí ara rẹ̀. Faransé ń pè é ní témoin, ẹlẹ́rìí nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù méjì, a padà lọ wò. Mẹ́ta dúró bí a ti fi wọ́n sílẹ̀. Méjì ti já, méjèèjì ní igun ibi tí ògiri 4 àti ògiri 5 ti pàdé. Ọjọ́ náà ni a sọ fún Màmá pé kí ó fa ibùsùn rẹ̀ kúrò lára ògiri yẹn. Ó fà á ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ó ní ó tó.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo onílé àtijọ́ ṣe: ẹ mú agboòrùn, kí ẹ jáde nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ wo ibi tí omi ń lọ. Àwa jáde. A rí i pé etí páànù wa kúrú, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ, nítorí náà omi ń já bọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri gan-an, ó ń ta padà sára rẹ̀. A rí i pé òrùlé aládùúgbò kan ń da gbogbo omi rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wa. A sì rí i pé ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú lọ, nítorí yanrìn tí àgbàrá ń kó wá ọdọọdún. Bí a bá fún bírìkìlà ní mílíọ̀nù kan lọ́jọ́ náà láì yí ọ̀nà omi padà, inú omi la da owó náà sí.

Òrùlé ńkọ́? A gòkè, a fi ọ̀bẹ ṣóńṣó gún àwọn igi. Ikán ti jẹ méjì di ìyẹ̀fun. Àwọn ìyókù, tí wọ́n jẹ́ igi rônier tí bàbá ńlá wa gbé wá, ọ̀bẹ kò wọ̀ wọ́n. Ikán kò fẹ́ràn igi yẹn rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pákó ọjà pààrọ̀ rẹ̀ fún yín.

A tún bu amọ̀ tó já bọ́ lára ògiri náà, a lọ̀ ọ́, a dà á sínú ìgò tó mọ́ gaara, a bomi kún un, a gbọ̀n ọ́n, a gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn ọmọ CM2 wa ló bá wa ṣe é. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ọjọ́ náà nìyẹn, wọ́n sì gbádùn rẹ̀ ju ti inú ìwé lọ. Yanrìn á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, erùpẹ̀ kíkúnná á tẹ̀lé e, amọ̀ gidi á wà lókè. A fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fẹ́ di ibi tó bàjẹ́, amọ̀ tuntun tí a ó lò gbọ́dọ̀ jọ ti àtijọ́. Bí amọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù, yóò sán bó bá ti ń gbẹ. Bí yanrìn rẹ̀ bá pọ̀ jù, yóò máa rẹ̀ dànù.

Lẹ́yìn èyí ni a pe ìpàdé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí ń bẹ ní Kútọnu, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ amọ̀. Ó ní: "Ṣé ọdọọdún la ó máa tún un ṣe ni? Ẹ wó o, ẹ fi bíríkì kọ́ yàrá mẹ́ta, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀." Ohun tó sọ kò burú. Òun ni wọ́n ń pè lóru nígbà tí òjò bá le, òun náà ló sì ń ná owó jù nínú gbogbo wa. Àbúrò wa obìnrin tó ń ta aṣọ ní Lomé ní òun kò lè rí ẹni tí yóò gbé kátapílà gorí sàréè bàbá ńlá òun. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Màmá kò sọ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní: "Ibi tí bàbá mi bá wà ni n ó wà. Bí ẹ bá fẹ́ wó o, ẹ dúró kí n kú ná." Ta ni yóò tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn?

Àwa ṣí kàyé náà, a fi han ẹ̀gbọ́n wa. A fi hàn án pé nínú ògiri mẹ́sàn-án, méje ló dúró dáadáa, méjì ló ń ṣàìsàn. A fi ojú plâtre tó já hàn án lórí fóònù. Ó wò ó pẹ́. Ó wá ní kí a lọ gbọ́ iye tí yóò jẹ́, ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ kan bá wí pé kò ṣeé tún ṣe, kí a gbà. A gbà. A sì fẹnu kò pé owó yóò gba ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kọjá, àbúrò wa ti Lomé, nítorí òun ni kò mọ bírìkìlà kankan ní Kétu. Ìwé kan wà tí gbogbo wa fọwọ́ sí, tí ó sọ ẹni tó dá owó àti iye tó dá, kí ẹnikẹ́ni má bàa wí lọ́la pé òun nìkan ló ni ilé.

Bírìkìlà mẹ́ta ló wá, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí àkọ́kọ́ kò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní kí a ha sìmẹ́ǹtì àtijọ́ kúrò kí òun rẹ́ tuntun sí i, èyí tó nípọn jù. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì mọ nǹkan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ ilé bíríkì tó dára ní ìlú. Ó ní òun yóò fi poteau kọnkéré mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òun fi chaînage so wọ́n lókè, 1 850 000 CFA, kí a san ìdajì lọ́jọ́ náà kí òun lè ra irin. Ìdè lókè ògiri jẹ́ ohun tó dára, òun gan-an ni àbúrò wa ti Marrakech ń tẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n kọnkéré àti amọ̀ kì í dì mọ́ra. Ọ̀kan le, ọ̀kan ń fẹ̀, ó ń sún kì. Bí a bá gbẹ́ igun ilé alámọ̀ láti ri poteau mọ́ ọn, ibi tí ògiri méjì ti di ara wọn mú gan-an la gé yẹn. A bi í bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí sí ilé alámọ̀. Ó jẹ́ olóòótọ́, ó ní rárá.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta jẹ́ bàbá arúgbó kan láti abúlé tí kò jìnnà sí Kétu, òun àti ọmọṣẹ́ méjì. Bó ti dé, kò wo ògiri. Ó yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, ó ń wo ilẹ̀. Ó bèèrè ibi tí omi ń gbà lọ. Ó ní kí a gbé àkàbà wá, ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó wá bu amọ̀ díẹ̀ lábẹ́ fèrèsé Màmá, ó tu itọ́ sí i, ó fi ìka méjì pa á lẹ́nu ara wọn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bomi sí èyí tó kù, ó lọ́ ọ bí okùn tó nípọn bí àtàǹpàkò, ó ń tì í díẹ̀díẹ̀ kúrò létí pákó, ó ń wo ibi tí yóò ti já. Ìgò àwọn ọmọ CM2 wa wà lórí tábìlì níbẹ̀. A kò fi hàn án. Ohun tó sọ nípa amọ̀ náà bá ohun tó wà nínú ìgò mu.

"Maître, ta ni ó rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí i?"

"Láyé bàbá wa ni, Baba. 1993."

"Ẹ̀wù rọ́bà ni wọ́n wọ̀ fún un. Ó ti ń làágùn láti ìgbà náà."

A ti kọ àwọn ìbéèrè wa sílẹ̀, àwọn kan náà la sì bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé alámọ̀ wo lẹ ti tún ṣe tí a lè lọ wò? Báwo lẹ ó ti gbé òrùlé dúró nígbà tí ẹ bá ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri? Báwo ni yóò ti gùn tó, èyí tí ẹ ó ṣí lẹ́ẹ̀kan? Níbo lẹ ó ti wa amọ̀? Ta ni yóò wà lórí iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀yin ni àbí ọmọṣẹ́? Bí ẹ bá ṣí ògiri tí ẹ sì rí i pé ó burú ju bí ẹ ti rò lọ, kí lẹ ó ṣe?

Baba ní igi mẹ́fà ni yóò kọ́kọ́ gbé òrùlé dúró, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ògiri, orí pákó ni ẹsẹ̀ wọn yóò sì dúró lé kí wọ́n má bàa ri. Ó ní òun kì í ṣí ju mítà kan lọ lẹ́ẹ̀kan: òun á ṣí ibì kan, òun á fo ìkejì, òun á ṣí ìkẹta, kí ògiri lè máa rí ibi dúró sí. Ó ní òun yóò ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò láti ìsàlẹ̀ dé ìgbáròkó kí ògiri kọ́kọ́ mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí òun tó ṣe ohunkóhun. Fún ikùn ògiri 4, ó ní apá òkè yẹn kò ṣeé tì padà, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìpele méjì, kí a tún un mọ, kí a sì fi igi rônier dè é mọ́ ògiri 5 ní igun. Lórí ìbéèrè tó kẹ́yìn, ó ní: "N ó dúró, n ó pè yín." Àwọn méjì yòókù ti sọ pé kí a má dààmú.

A kò tíì gbà á sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. A lọ wo ilé tó ní òun ti tún ṣe. Ìyá tó ni ilé náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. A kò bi í bóyá iṣẹ́ náà dára, nítorí tani yóò bú oníṣẹ́ rẹ̀ níwájú àlejò? A bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà òjò kejì. Ó ní ìrẹ́ amọ̀ náà rẹ̀ díẹ̀ ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ òjò ti ń wá, Baba sì padà wá fi omi èèpo èso igi irú pa á lára, kò sì gba ju owó oúnjẹ lọ. Ìdáhùn yẹn ló tẹ́ wa lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn kò le tó bí a ti rò. Baba kò kàwé, devis kì í ṣe tirẹ̀. Àwa kọ ọ́ ní Faransé àti ní Yorùbá, a ka ti Yorùbá sí i létí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó dé CM2 tún un kà fún un nígbà tí a kò sí níbẹ̀, kó tó tẹ ìka sí i. Ó wà níbẹ̀ pé àwa ni a ó ra páànù, igi àti yanrìn, pé 380 000 CFA ni owó iṣẹ́, pé ìdá mẹ́rin la ó san án sí: nígbà tí igi bá ti gbé òrùlé dúró, nígbà tí ẹsẹ̀ ògiri bá parí, nígbà tí a bá rẹ́ ẹ tán, àti ìkẹrin lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́.

Ibi ìkẹrin yẹn ni Baba ti kọ̀. "Maître, òjò tí ẹ ń wí yìí, oṣù kẹta ni, tàbí kẹrin pàápàá. Ṣé ebi ò ní pa àwọn ọmọ mi dìgbà náà?" Òótọ́ ni. A dín in kù sí 30 000, a pín ìyókù sáàárín mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò wá gbà á pẹ̀lú agboòrùn.

Ó tún wà níbẹ̀ pé òun yóò kọ́kọ́ rẹ́ ibi tó tó ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn ilé, kí ó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí gbogbo wa wò ó. Ó ti ṣe é. Amọ̀, yanrìn, ìgbẹ́ màlúù tó ti rà. Ó sán tínrín ní ibì kan, ó ní ọyẹ́ ló gbẹ ẹ́ kíákíá, pé àpò tútù lòun yóò fi máa bo ìyókù. Àwa fẹ́ kí iṣẹ́ parí kí oṣù kejì tó tán, nítorí pé amọ̀ tí kò bá gbẹ tán kí òjò tó dé, omi yóò tún kó o lọ.

Ẹ̀yin tí ilé yín jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pàápàá àwọn ilé Agùdà ní Àjàṣẹ́, ẹ má fi ti bírìkìlà nìkan ṣe o. Ilé onípele méjì tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá ohun tí a fi okùn àti òkúta yẹ̀ wò. Àjàṣẹ́ kan náà ni École du Patrimoine Africain wà láti 1998. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀, ẹ béèrè ní mairie pẹ̀lú, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Iṣẹ́ tiwa yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá. Ẹ̀gbọ́n wa ti Kútọnu fi owó páànù ránṣẹ́ láàárọ̀ àná, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀, iye rẹ̀ sì ju èyí tí a béèrè lọ. Etí páànù yóò yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Aládùúgbò ti gbà kí a jọ gbẹ́ ojú àgbàrá kan láàárín wa. Màmá ti kó àpótí rẹ̀ méjèèjì lọ sí yàrá apá ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀ pé kí a tú ibùsùn òun. Ó ní òun kò ní pẹ́ níbẹ̀.